Skánà ọwọ́ àbí ti orí tábìlì: èwo ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ rà?

Etílukára

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín o. Skánà kan ṣoṣo, ìyẹn rédíò tó ń wá fíríkúẹ́ńsì kiri láti gbọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀, ni mo fẹ́ rà, mi ò sì fẹ́ fowó ṣòfò. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ máa gbọ́: àwọn awakọ̀ òfurufú, àwọn ọkọ̀ ojú omi, àti àwọn háàmù, ìyẹn àwọn tó gba láísẹ́ńsì láti máa fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá tí màá gbé e sí wà, ààyè sì wà fún áńtẹ́nà lórí òrùlé. Mo tún lè fẹ́ mú un jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ rèé: àwọn kan ní ti orí tábìlì ló ń gbọ́ ọ̀nà jíjìn, pé ohun ìṣeré lásán ni ti ọwọ́. Àwọn míì ní irọ́ ni, pé inú kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ta ni kí n gbà gbọ́?

WáyàGígùn

Àwọn tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló sún mọ́ òótọ́. Ẹ wo SDS100 àti SDS200 ti Uniden, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe skánà. Ti ọwọ́ ni àkọ́kọ́, ti orí tábìlì ni ìkejì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà mú ìgbì. BCD436HP àti BCD536HP náà rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan ni wọ́n kó sínú àpótí méjì. Ohun tó ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé ti orí tábìlì létí ju ti ọwọ́ lọ ni pé ẹni tó bá rà á sábà máa ń so áńtẹ́nà ìta mọ́ ọn, nígbà tí ẹni tó ra ti ọwọ́ ń lo ìrù rọ́bà kékeré tó bá a wá nínú páálí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Àwọn ìgbì tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí, gbọnrangandan ni wọ́n ń lọ, ilẹ̀ ayé sì rí roboto. Ẹ mú gíga áńtẹ́nà ní mítà, ẹ wá square root rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìgbà 4.12. Iye kìlómítà tí ojú áńtẹ́nà yẹn lè tó nìyẹn. Ẹ ṣe bákan náà fún áńtẹ́nà ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀.

Skánà tó wà lọ́wọ́ yín, mítà 1.5 sí ilẹ̀, á fún yín ní kìlómítà 5. Áńtẹ́nà orí òrùlé tó ga ní mítà 9 á fún yín ní 12.4. Ká ní áńtẹ́nà ọkọ̀ ojú omi kan wà ní mítà 16 lórí òpó rẹ̀, tirẹ̀ jẹ́ 16.5. Skánà ọwọ́ á máa gbọ́ ọkọ̀ yẹn bí kò bá jìnnà ju kìlómítà 21 ó lé díẹ̀ lọ. Áńtẹ́nà òrùlé á bá a dé nǹkan bíi 29. Ìyàtọ̀ gidi nìyẹn.

Ẹ wá wo bàálù tó wà ní mítà 10,000. Òun nìkan ti mú 412 wá. Ti ọwọ́ di 417, ti òrùlé di 424. Kí ló wá yàtọ̀ níbẹ̀? Bàálù ti bá yín gun òkè tán. Ìdí nìyẹn tí skánà ọwọ́ kékeré fi tó fún ẹni tó jẹ́ pé bàálù nìkan ló wù ú, tí ẹni tó ń wá ọkọ̀ ojú omi á sì máa wá ibi gíga kiri.

Ẹ máa rántí pé awakọ̀ òfurufú lẹ ó máa gbọ́ kedere, ẹni tó ń dá a lóhùn láti ilẹ̀ sì lè dákẹ́ lọ́dọ̀ yín. Áńtẹ́nà tiẹ̀ ò ga, ilé àti òkè tún lè dí i. Skánà yín kọ́ ló bàjẹ́.

Àpótí_Irin

Mo fara mọ́ ìṣirò yẹn, àmọ́ kí a má ṣe bí ẹni pé àpótí ò ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Skánà orí tábìlì ní sípíkà tó ń sọ̀rọ̀ ketekete. Ẹ lè wà ní ìdí iṣẹ́ míì, kí ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ láìfi etí lé e. Sípíkà inú ti ọwọ́ kò ju ẹnu ìdérí ìgò lọ, ohùn awakọ̀ òfurufú tó ti ń gba inú ariwo ẹ́ńjìnnì kọjá á wá dà bí ẹni tó di imú sọ̀rọ̀. Bọ́tìnnì tó ń yí, tí a lè fi ìka méjì mú, tún yàtọ̀ sí kí a máa tẹ ohun tóóró mẹ́ta pọ̀ nínú òkùnkùn. Ẹni tó bá máa jókòó tì í fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ á mọ̀ ọ́n lára.

Ti orí tábìlì tó ní àpótí irin kì í tètè fa ariwo kọ̀ǹpútà àti ṣájà tó wà nítòsí rẹ̀ wọlé. Ti ọwọ́, ike ló fi bo ara, áńtẹ́nà rẹ̀ sì wà lórí ẹ̀ gan-an, nínú yàrá kan náà pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń pariwo.

Etílukára

Ẹ ṣé gan-an ni. Tó bá jẹ́ pé áńtẹ́nà lọ̀rọ̀ wà, tí mo bá wá so ti òrùlé mọ́ skánà ọwọ́ ńkọ́? Ṣé ó ti di ti orí tábìlì nìyẹn?

Àpótí_Irin

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe skánà ọwọ́ olówó pọ́ọ́kú pé ìrù rọ́bà ló máa lò. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń sẹ́ ìgbì kó tó wọlé. Bí ẹ bá ki áńtẹ́nà òrùlé bọ̀ ọ́ lẹ́nu, gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀run ló máa rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ẹ fẹ́ á sì sọnù sáàárín wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò FM ló máa ń dá a sílẹ̀ jù. Wọ́n ń fi agbára ńlá pariwo láti 88 dé 108 MHz, ti bàálù sì bẹ̀rẹ̀ ní 108 gan-an. Ògiri kan ló là wọ́n.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé. Ẹ wá ohun tó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. ATIS pápákọ̀ òfurufú ló dáa jù, ìyẹn ohùn tó ń tún ìròyìn ojú ọjọ́ àti ojú ọ̀nà bàálù kà ní àkàtúnkà. Ẹ fi ìrù rọ́bà gbọ́ ọ, kí ẹ wá so ti òrùlé. Bó bá túbọ̀ mọ́, ẹ ti bọ́. Bó bá jẹ́ ńṣe ló burú sí i, tàbí tí ẹ gbọ́ orin lábẹ́ ohùn náà, ẹ tẹ ATT. Bọ́tìnnì yẹn máa ń gé ìgbì kù ní nǹkan bíi 20 dB (dB ni a fi ń wọn bí ìgbì ṣe ń pọ̀ tàbí ń dín kù). Bí gígé yẹn bá mú kí ohùn mọ́ dípò kó kú, ẹ ti rí olè mú: ìgbì ti pọ̀ jù ni, kì í ṣe pé ó kéré.

Asẹ́ FM ni oògùn rẹ̀. Ó jẹ́ àpótí kékeré tí a ń so sáàárín wáyà àti skánà, 88 sí 108 ló sì ń dá dúró. Ó lè bu díẹ̀ jẹ nínú ohun tó wà lókè 108 gan-an, àmọ́ láti 118 MHz ni àwọn awakọ̀ òfurufú ti ń fi ẹnu sọ̀rọ̀, ẹ ò ní pàdánù ohunkóhun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ra ampilifáyà láti fi wo àìsàn yìí. Ńṣe lẹ ń bu epo síná.

Ohun mìíràn tún wà. Bí ẹ bá ń gbọ́ awakọ̀ òfurufú níbi tí kò yẹ kó wà, ẹ fi 21.4 MHz kún fíríkúẹ́ńsì yẹn, tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀, ẹ lè rí ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò tí IF wọn, ìyẹn fíríkúẹ́ńsì tí rédíò ń yí ohun tó gbà sí nínú ara rẹ̀, jẹ́ 10.7 MHz, òjìji fíríkúẹ́ńsì máa ń bọ́ sí ìlọ́po méjì rẹ̀, lókè tàbí nísàlẹ̀. Kì í ṣe ṣánẹ́lì tuntun lẹ rí.

Olówáyà

Kí ẹ tó so wáyà òrùlé mọ́ skánà ọwọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ibi tí áńtẹ́nà ń wọ̀. Bó bá jẹ́ BNC, èyí tí a ń tì wọlé tí a sì ń yí díẹ̀, ó ní agbára díẹ̀. Bó bá jẹ́ SMA, èyí kékeré tí a ń yí bí nọ́ọ̀tì, ẹ má ṣe fi wáyà nínípọn kọ́ ọ lọ́rùn láéláé. Ìwúwo wáyà á máa fà á, ojú ibi tí wọ́n jó o mọ́ pátákó inú á sán. Ẹ ó wá máa gbọ́ ohùn tó ń wá tó ń lọ bí ẹ bá ṣe mi ọwọ́. Ẹ ra wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ RG-316 tó gùn ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, SMA lápá kan, BNC lápá kejì. Ẹ de wáyà ńlá mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, kí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nìkan kan skánà.

Ní ti wáyà ńlá náà, ibẹ̀ ni owó áńtẹ́nà ti máa ń rì. RG-58, tí gbogbo èèyàn mọ̀, tó bá gùn ní mítà 15 á jẹ tó 5 sí 6 dB ní 450 MHz. Ìyẹn ni pé ìdá mẹ́rin ìgbì tó wọ áńtẹ́nà, ìdá kan péré ló dé inú rédíò. Ní 127 MHz, níbi tí bàálù wà, ó ń jẹ nǹkan bí ìdajì. RG-6 tí wọ́n fi ń so tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì kò wọ́n, nǹkan bíi 2 dB ló sì ń jẹ ní 450 ní gígùn kan náà. Ẹnìkan á ní 75 ohm ni, pé rédíò jẹ́ 50. Ohun tí ìyẹn ń gbé lọ kò pé 0.2 dB. Ẹni tó ń gbọ́ lásán, tí kò fi í sọ̀rọ̀, kò ní dá a mọ̀. LMR-400 dára ju méjèèjì lọ, nǹkan bíi 1.3 dB ló ń jẹ, àmọ́ ó nípọn, ó sì le láti tẹ̀.

Dọ́ńgù

Gbogbo eléyìí, ẹ̀yin ará, ẹ ra RTL-SDR, dọ́ńgù kékeré tó ń sọ kọ̀ǹpútà di rédíò, ẹ kì í bọ USB kọ̀ǹpútà, ó tán. Láti nǹkan bíi 24 dé 1766 MHz, owó rẹ̀ ò sì tó ti skánà rárá. Ẹ ó máa fi ojú rí nǹkan bíi 2.4 MHz lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ á yọ lójú kọ̀ǹpútà bí ìlà.

Àpótí_Irin

Ó dáa fún wíwá fíríkúẹ́ńsì tí a kò mọ̀, kò sí irinṣẹ́ tó tún dáa tó o nídìí ìyẹn. Àmọ́ òun náà, 8 bit ni, ẹnu rẹ̀ ṣí gbayawu ju ti skánà ọwọ́ lọ, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ wà ní títàn kó tó gbọ́ ohunkóhun. Ẹni tó fẹ́ tẹ bọ́tìnnì kan kí ohùn jáde, ẹ jẹ́ kó ra skánà. Ẹ fi dọ́ńgù ṣe àfikún rẹ̀.

Dọ́ńgù

Ó dáa, mo gbà. Àfikún náà ni.

Bátìrìméjì

Ẹnìkan ò tíì mẹ́nu ba iná. Ti orí tábìlì ń lo nǹkan bíi 13.8 volt DC, torí náà ẹ lè so ó mọ́ bátìrì 12 volt bí iná bá lọ. Ti ọwọ́ ń lo AA mélòó kan tàbí bátìrì tirẹ̀. Ẹ máa ṣírò: AA onígbígba-iná (NiMH) tó jẹ́ 2000 mAh, bí skánà bá ń fa 150 mA, wákàtí 13 ni lórí ìwé. Ẹ ka 10 ní ti gidi, kó sì tún dín bí ẹ bá gbé ohùn sókè tí ẹ sì jẹ́ kí iná ojú rẹ̀ máa tàn.

Nínú BC125AT, skánà ọwọ́ kan ti Uniden, bọ́tìnnì kékeré kan wà níbi tí bátìrì ń wọ̀, tó ń sọ fún un bóyá NiMH ni tàbí alkaline. Bí bọ́tìnnì yẹn bá wà lórí NiMH, tí AA alkaline sì wà nínú rẹ̀, tí ẹ wá so USB mọ́ ọn, ńṣe ló máa gbìyànjú láti gba iná sínú ohun tí kì í gba iná. Bátìrì á jò, omi rẹ̀ á jẹ irin tín-ín-rín ibẹ̀. Púpọ̀ nínú skánà àlòkù tó "kàn dákẹ́ ni", ìjàǹbá yẹn ló bá wọn.

Ìkejì: ṣájà. Ṣájà kékeré olówó pọ́ọ́kú máa ń tú ariwo sórí fíríkúẹ́ńsì bàálù, torí AM ni wọ́n ń lò níbẹ̀, AM kì í sì í fi ariwo pa mọ́. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń dún zíínnn láìdákẹ́, ẹ fa ṣájà yọ kí skánà máa lo bátìrì. Bó bá pa, ẹ ti mọ ẹni tó ń ṣe é. Ẹ lè yí wáyà ṣájà náà ká ferrite, òrùka tó ń pa ariwo wáyà, èyí tó ṣe é ṣí, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún, tàbí kí ẹ pààrọ̀ ṣájà pátápátá. Skánà orí tábìlì kò ní ibi tí bátìrì ń wọ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi bátìrì 12 volt dán an wò dípò.

Etílukára

Èyí yé mi dáadáa. Ìbéèrè míì: ṣé gbogbo skánà ló ń gbọ́ àwọn tó ń lo dígítà? Mo rí èyí tí wọ́n pè ní analog, òun ló rọ̀jú jù.

ÌgbìMéje

Ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ kó ṣíwájú, kó tó kan ọ̀rọ̀ ọwọ́ àbí tábìlì, torí òun ló ń pinnu iye tí ẹ máa ná. Bàálù, AM ni, analog. Ọkọ̀ ojú omi, FM, analog. Háàmù tó ń sọ̀rọ̀ lásán lórí 2 mítà àti 70 sẹ̀ǹtímítà (orúkọ ìlà ìgbì méjì tí wọ́n ń lò), púpọ̀ nínú wọn FM ni. Ohun mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀, skánà analog bíi BC125AT, oní-500 ṣánẹ́lì ní báǹkì 10 (ìyẹn ẹgbẹ́ ṣánẹ́lì mẹ́wàá), ti kájú wọn. Kí ẹ wá fi owó ìlọ́po mélòó kan ra dígítà fún ohun tí ẹ ò ní gbọ́, kò bọ́gbọ́n mu.

Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá tàbí panápaná lẹ fẹ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n ń lò níbi tí ẹ wà. P25, DMR, NXDN àti TETRA, orúkọ oríṣiríṣi ọ̀nà dígítà ni. P25 Phase 1 àti Phase 2 nílò skánà dígítà. DMR àti NXDN wà nínú SDS100 àti SDS200, àmọ́ owó ọ̀tọ̀ lẹ ó san láti ṣí wọn. TETRA ò sí nínú wọn rárá. Èyí tí wọ́n bá sì ti fi àṣírí dì, kò sí skánà kankan lágbàáyé, ti ọwọ́ ni o, ti tábìlì ni o, tó máa tú u. Ẹni tó bá sọ fún yín pé tòun ń tú u, ẹ di àpò yín mú.

Ìṣòro kan wà tí àwọn oníP25 mọ̀ dáadáa. Wọ́n ń pè é ní simulcast. Òpó mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń sọ ohun kan náà lórí fíríkúẹ́ńsì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn ń dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú ìyàtọ̀ àkókò tó kéré gan-an, skánà àtijọ́ á wá rò pé wúrúwúrú ni. Àmì ìgbì á kún ojú rẹ̀ bámúbámú, ohùn á sì máa já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. SDS100, tó jáde ní 2018, ni Uniden ṣe torí ìyẹn. Níbi tí ẹ bá ti ń lo skánà tó ti pẹ́, ti ọwọ́ ló máa ń ṣẹ́gun: ẹ sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ ó rí ibi tí òpó kan ti borí àwọn yòókù. Áńtẹ́nà òrùlé tó ń gbọ́ gbogbo igun lọ́gbọọgba, ńṣe ló ń dá kún un. Ohun tó yẹ fún ti orí tábìlì níbẹ̀ ni áńtẹ́nà Yagi tó kọjú sí òpó kan ṣoṣo.

Alákòóso

Ọ̀rọ̀ kékeré kan láti ìdí àga alákòóso: òfin orílẹ̀-èdè kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Níbì kan, ẹ lè gbọ́ ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíì. Níbòmíì, gbígbé skánà sínú mọ́tò gan-an ni wọ́n kà léèwọ̀. Ẹ ka ti ibi tí ẹ wà kí ẹ tó ra. Ọ̀nà títú àṣírí, a kì í jíròrò rẹ̀ níbí. Ẹ máa bá a lọ.

Etílukára

Mo ti gbọ́, ẹ ṣeun. Ṣé ẹnìkan lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń to fíríkúẹ́ńsì sínú rẹ̀? Mo ti rí i pé àwọn kan ní skánà àwọn "kì í gbọ́ nǹkan kan" bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kó 400 sínú rẹ̀.

WáyàGígùn

400 yẹn gan-an ló ń bá wọn jà. Ẹ jẹ́ ká ní skánà kan ń yẹ ṣánẹ́lì 50 wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó tó yí 400 ká, ìṣẹ́jú àáyá 8 ti lọ. Awakọ̀ òfurufú á pe orúkọ rẹ̀, á sọ gíga rẹ̀, á sì dákẹ́ láàárín 3 sí 4. Ó ti sọ̀rọ̀ tán kí skánà tó débẹ̀. Ẹ wá ro ti dídúró mọ́ ọn: bí ó bá rí ẹnìkan, ó ń dúró tì í, á sì tún fi ìṣẹ́jú àáyá 2 retí èsì kó tó lọ. Ẹni mẹ́ta tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ á ti gba gbogbo àkókò rẹ̀.

Ẹ to ó ní báǹkì báǹkì. Bàálù ní 1, ọkọ̀ ojú omi ní 2, háàmù ní 3, kí ẹ sì pa èyí tí ẹ ò gbọ́ lákòókò yẹn. Ogún sí ọgbọ̀n ṣánẹ́lì tí ẹ mọ̀ pé ìgbésí ayé wà nínú wọn dáa ju irínwó lọ. Ṣánẹ́lì tó bá ń pariwo ṣààà láìnídìí, ẹ tẹ lockout sí i, kí skánà máa fò ó.

Fún bàálù, ẹ rí i pé AM ló wà. Bí FM bá wọbẹ̀, ohùn á lọ́ mọ́ ara wọn. Níbi tí wọ́n ti ń lo àlàfo 8.33 kHz, bí Yúróòpù, ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà: 118.010 tí ẹ rí nínú ìwé, orúkọ ṣánẹ́lì ni, 118.0083 ni fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ gangan. Skánà tí kò mọ 8.33 á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí kó tó di pé ẹ sanwó.

Fún ọkọ̀ ojú omi, ṣánẹ́lì 16, 156.800 MHz, ni ibi tí wọ́n ti ń pe ara wọn. Wọ́n á pe ara wọn níbẹ̀, wọ́n á sì kó lọ síbòmíì, torí náà 16 nìkan ò tó. Àwọn ṣánẹ́lì kan tún jẹ́ oníméjì: ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀, etíkun ń dáhùn ní 4.6 MHz lókè rẹ̀. Ṣánẹ́lì 01 fún àpẹẹrẹ, 156.050 àti 160.650. Bí ẹ bá fi ọ̀kan ṣoṣo sínú rẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ ìdajì ìjíròrò, bí ẹni tó ń gbọ́ tẹlifóònù ẹlòmíì.

Priority, ìyẹn ṣánẹ́lì tí ẹ fẹ́ kó máa ṣíwájú, wúlò, àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Lọ́pọ̀ skánà, ó ń sá lọ wo ṣánẹ́lì yẹn ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 2, ẹ ó sì máa gbọ́ bó ṣe ń gé ohùn èyí tí ẹ ń gbọ́ lọ́wọ́. Ẹ fi í sórí 121.5 (ti pàjáwìrì bàálù) tàbí 16 nìkan, bí ẹ bá fẹ́ ẹ.

Squelch, bọ́tìnnì tó ń pa ariwo nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀, ńkọ́? Ẹ wà lórí ṣánẹ́lì tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀, ẹ yí i dé ibi tí ariwo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹ fi bíńtín lé e. Ẹni tó bá yí i jù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ láti òkèèrè.

Àpótí_Irin

Mo fi kún un: púpọ̀ nínú ti orí tábìlì tó rọ̀jú kò ní ibi tí kọ̀ǹpútà ń wọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ gbogbo rẹ̀ wọlé, ṣánẹ́lì kan lẹ́yìn òmíràn. BC125AT ti ọwọ́ ní USB, ẹ lè to gbogbo rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú orúkọ. Níbi tí owó bá ti mọ níwọ̀n, mo gbà pé ti ọwọ́ ló borí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tábìlì ni mo máa ń gbèjà.

Bátìrìméjì

Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà: ẹ ṣí ibi bátìrì, ẹ wò bóyá àwọ̀ ewé tàbí eruku funfun wà lára irin rẹ̀. Ẹ di áńtẹ́nà mú, ẹ rọra mì ín bó ti ń sọ̀rọ̀, bí ohùn bá ń já, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ yí bọ́tìnnì ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má ṣe ha kàràkàrà. Ẹ tẹ gbogbo nọ́ńbà, 0 dé 9, torí èyí tí wọ́n ń tẹ̀ jù ló ń kọ́kọ́ kú.

Etílukára

Mo ti pinnu: ti ọwọ́, analog, tó ní BNC àti 8.33, màá sì fi owó tó kù ṣe áńtẹ́nà òrùlé àti asẹ́ FM. Bó bá yá, tí mo bá rí i pé ìjókòó mi pọ̀ ju ìrìn lọ, mo lè ra sípíkà ìta. Ó ku ohun kan: ṣé dandan ni kí n ra discone, áńtẹ́nà tó ń gbọ́ fíríkúẹ́ńsì púpọ̀, àbí mo lè fọwọ́ ṣe áńtẹ́nà tó kájú gbogbo wọn?

Olówáyà

Ẹ lè fọwọ́ ṣe é. Discone ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó ń ṣe ọ̀dàlẹ̀ díẹ̀: FM náà wà nínú ohun tó ń gbọ́, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí FM ń ṣe.

Ẹ ra ihò SO-239 tí a ń kàn mọ́ pátákó irin, tó ní ihò ìdè mẹ́rin. Wáyà bàbà tó nípọn ní 2 mílímítà, ẹ gé márùn-ún. Láti mọ gígùn rẹ̀, ẹ pín 71.25 pẹ̀lú fíríkúẹ́ńsì ní MHz, mítà ni ìdáhùn. Fún bàálù ní 127, sẹ̀ǹtímítà 56. Fún ọkọ̀ ojú omi ní 156.8, nǹkan bíi 45. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ fẹ́ méjèèjì, ẹ gé ti àárín sí 50, ìyẹn 142.5 MHz, tó wà láàárín wọn, tó sì sún mọ́ 2 mítà àwọn háàmù. Ní ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, 427.5, ó tún ń ṣiṣẹ́, ó sì sún mọ́ 430 sí 440 tiwọn. Wáyà kan, ilé mẹ́rin.

Ẹ jó ti àárín mọ́ ojú ihò náà, kó dúró ṣánṣán. Mẹ́rin yòókù, ẹ gé wọn sí 52 tàbí 53, ẹ dè wọ́n mọ́ ihò ìdè, ẹ tẹ̀ wọ́n sísàlẹ̀ bíi ìdajì ọ̀nà, 45 dígírì. Títẹ̀ yẹn ló ń gbé e sún mọ́ 50 ohm. Bí ẹ bá ṣì í ní sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì, kò sí ohun tó máa ṣe é, gbígbọ́ lẹ ń gbọ́.

Etílukára

Ẹ ṣé o. Wáyà rẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé.

Olówáyà

Kí ó tó wọ fèrèsé, ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ kọjá ihò náà ní nǹkan bí ìwọ̀n ọwọ́ kan kó tó gòkè wọlé, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níbi tó tẹ̀ yẹn dípò kó tọ wáyà wọ yàrá. Ojú ibi tí wáyà ti so mọ́ áńtẹ́nà, ẹ fi téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ wé e, ẹ fà á dé ìlọ́po méjì bí ẹ bá ṣe ń wé e, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Omi tó bá wọ inú wáyà kì í jáde mọ́, ìgbì á kàn máa kéré sí i lóṣooṣù. Bí àrá bá sì ti ń sán lókèèrè, ẹ yọ BNC kúrò lẹ́yìn skánà, kí ẹ tì í síta fèrèsé. Ẹ má fi sílẹ̀ lórí tábìlì.